Ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún: ara mi yá, kí ni mo fẹ́ fi oògùn ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oyún mi àkọ́kọ́ nìyí, ó ti wọ ọ̀sẹ̀ 27. Nígbà tí mo lọ fún àyẹ̀wò, ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 148/96. Wọ́n ní kí n dúró, wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí 4, ó jẹ́ 144/92. Wọn ò rí nǹkan kan nínú ìtọ̀ mi. Wọ́n kọ methyldopa 250 mg fún mi, kí n máa lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Oorun tó ń kùn mí pọ̀ jù, mo bá jáwọ́ lọ́jọ́ karùn-ún, torí kò síbi tó ń dùn mí, ẹ̀rọ tí mo rà sílé náà sì ń gbé 131/82 jáde. Ìyá ọkọ mi ní àròjù ló fà á, kí n má fẹnu kan iyọ̀ mọ́, kí n sì máa dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi máa ń wú tó bá di ìrọ̀lẹ́, àyà máa ń ta mí lóru, orí sì máa ń fọ́ mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èwo ni kí n kọbi ara sí nínú gbogbo rẹ̀? Ṣé oògùn yẹn ò sì ní ṣe ọmọ inú mi ní jàǹbá?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìkúnra o, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ká tó sọ ohunkóhun, ẹ padà sídìí oògùn yín lónìí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ẹ sì padà sílé ìwòsàn lọ́la. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú káàdì. Bí orí bá ń fọ́ yín bí ẹ ṣe ń ka èyí, tó sì le, òní náà ni kí ẹ lọ, kí ẹ tó wá ka ìyókù.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún ni pé kì í dunni. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè wà ní 150/100 kí obìnrin máa ṣiṣẹ́, kó máa rẹ́rìn-ín, kó sì sùn dáadáa. Nígbà tí ara bá fi máa figbe ta, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín tàbí ọpọlọ ti ń fara gbá a. Nítorí náà, ara yíyá kì í ṣe ìdí láti pa oògùn tì. Nọ́ńbà la fi ń ṣèdájọ́, nọ́ńbà náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a wọ̀n bó ṣe yẹ.

Lára aboyún, 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, èyíkéyìí nínú méjèèjì, tí a bá rí i lẹ́ẹ̀mejì tí ó kéré tán wákàtí 4 wà láàárín wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ti yín kọjá méjèèjì, lẹ́ẹ̀mejèèjì. Tó bá fi dé 160 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, pàjáwìrì ni. Wọn kì í dúró de wákàtí 4 níbẹ̀: ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n fi ń tún un wò, oògùn tó ń yára ṣiṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ wọ ara láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 60, torí pé iṣan inú ọpọlọ lè bẹ́.

Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ tún ṣe pàtàkì. Èyí tó ti wà kí oyún tó dé, tàbí tó yọjú kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20, ẹ̀jẹ̀ ríru àtẹ̀yìnwá ni. Èyí tó yọjú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, tí kò sí purotéènì nínú ìtọ̀, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì dára, oyún ló gbé e wá, ibẹ̀ sì ni ẹ jọ pé ẹ wà báyìí. Bí purotéènì bá wá fara hàn nínú ìtọ̀, tàbí tí ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ojú tàbí ọpọlọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti di preeclampsia, kódà bí ìtọ̀ bá ṣì mọ́. Tí gìrì bá wá mú un, eclampsia nìyẹn. Ipò tí ẹ wà yìí kì í sábà dúró sójú kan. Nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru látorí oyún, àwọn tó ń bọ́ sínú preeclampsia nígbẹ̀yìn lè tó ìdajì, pàápàá nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọ̀sẹ̀ 32. Ti yín bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 27. Ìdí tá a fi ní kí ẹ má jókòó sílé nìyẹn.

Ẹ tún yẹ káàdì yín wò, kí ẹ rí nọ́ńbà tí wọ́n kọ nígbà tí ẹ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Ìfúnpá máa ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín oyún, nítorí náà ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀ lè ní nọ́ńbà tó dára ní ọ̀sẹ̀ 18, kó wá dà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 27. Bí ẹnikẹ́ni bá ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó lóyún, ẹ sọ nọ́ńbà náà fún dókítà.

Ìyá ọkọ yín ò ṣi ọ̀rọ̀ sọ pátápátá: àròjù lè gbé ìfúnpá sókè fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ òun kọ́ ló ń fa irú èyí. Ìdí ibi ọmọ ni kí ẹ wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ó yẹ kí ibi ọmọ sọ àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ilé ọmọ di gbàràmù, kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn wọlé geere. Lára ẹni tó máa ní preeclampsia, àwọn iṣan náà kì í fẹ̀ tó, ẹ̀jẹ̀ á wá máa gbabẹ̀ bí omi tó ń gba inú páìpù tóóró. Ibi ọmọ tí kò rí ẹ̀jẹ̀ tó á bẹ̀rẹ̀ sí í tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní sFlt-1 sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, èròjà yìí ló sì ń ba awọ inú iṣan jẹ́ káàkiri ara. Òun ló fà á tí purotéènì fi ń jò gba kíndìnrín, tí omi fi ń jò sábẹ́ awọ ojú, tí ọmọ fi lè kéré. Òun náà ló fà á tí kò fi sí oògùn tó ń wo preeclampsia sàn ju pé kí ibi ọmọ jáde kúrò nínú ìyá. Gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe ṣáájú ìgbà yẹn, ìyá ni wọ́n fi ń dáàbò bò kí ọmọ lè rí àyè dàgbà sí i.

Ẹ máa jẹ iyọ̀ níwọ̀nba bó ṣe yẹ kí gbogbo èèyàn máa jẹ ẹ́. Yíyọ iyọ̀ kúrò nínú oúnjẹ pátá kò dènà preeclampsia, ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí aboyún jẹun kánú. Ìdùbúlẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ náà kò ràn án lọ́wọ́, ó tilẹ̀ léwu, torí oyún fúnra rẹ̀ ti ń mú kí ẹ̀jẹ̀ yára dì, ẹsẹ̀ tí kì í rìn sì ni ẹ̀jẹ̀ ń dì sí. Ẹ máa rìn. Tí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, pàápàá láti ọ̀sẹ̀ 28 lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yín ló kàn. 144/92 lọ́hùn-ún, 131/82 nílé. Ó lè jẹ́ pé ìbẹ̀rù ilé ìwòsàn ló gbé tọ̀hún ga. Ó lè jẹ́ pé oògùn tí ẹ lò ló gbé e wálẹ̀, tí ẹ wá ń fi iṣẹ́ tí oògùn ṣe sọ pé ẹ ò nílò oògùn. Èyí wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ni kò péye. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oníbátìrì ni wọn kò dán wò lára aboyún rí, àwọn kan sì wà tó máa ń ka ìfúnpá ẹni tó ní preeclampsia sílẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ẹ gbé e dání lọ́la, kí nọ́ọ̀sì fi tiwọn àti tiyín wọn apá kan náà léra léra. Bí ìyàtọ̀ bá ju 10 lọ, ẹ má gbára lé e mọ́. Ẹ rántí pé nọ́ńbà ilé máa ń kéré díẹ̀ sí ti ilé ìwòsàn: 135/85 nílé la fi ń ka ẹ̀jẹ̀ sí èyí tó ru, kì í ṣe 140/90.

Aṣọ tí a ń wé mọ́ apá ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹ fi tépù wọn àárín òkè apá yín. Bí ìyípo rẹ̀ bá ju 32 cm lọ, aṣọ ńlá ni kí ẹ rà, torí èyí tó há lè fi bíi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún nọ́ńbà, wọ́n á sì máa fún yín ní oògùn tí ẹ ò nílò. Èyí tó fẹ̀ jù á dín in kù, ìyẹn sì burú ju tàkọ́kọ́ lọ.

Ṣáájú kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ má mu kọfí, ẹ má sì ṣe iṣẹ́ agbára fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ lọ tọ̀, nítorí àpò ìtọ̀ tó kún máa ń gbé nọ́ńbà sókè. Ẹ jókòó sórí àga tó ṣeé fẹ̀yìn tì, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ẹ má gbé ọ̀kan lé èkejì. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀, láìtẹ fóònù. Ara apá gan-an ni kí ẹ wé e mọ́, kì í ṣe orí aṣọ, kí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi bí ìka 2 jìnnà sí ìgbọ̀nwọ́. Ẹ gbé apá náà lé tábìlì kó bá ọkàn dọ́gba: bó bá rọ̀ sísàlẹ̀, nọ́ńbà á ga lásán, bó bá ga ju ọkàn lọ, nọ́ńbà á lọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fífi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ kí wọ́n sì wọn apá ọ̀tún tó wà lókè fi máa ń gbé nọ́ńbà tó kéré ju bó ṣe wà lọ jáde, tí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá á fi dà bí ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ẹ má sì na ẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja láti wọ̀n ọ́n, torí ilé ọmọ á tẹ iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn, òòyì á sì kọ́ yín. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú 1 wà láàárín, láàárọ̀ kí ẹ tó lo oògùn, àti lálẹ́. Gbogbo nọ́ńbà ni kí ẹ kọ sílẹ̀, títí kan èyí tí kò tẹ́ yín lọ́rùn.

Ní ti ìbẹ̀rù yín nípa ọmọ, kò sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó pẹ́ lára aboyún tó methyldopa. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1982, wọ́n tọpinpin àwọn ọmọ tí ìyá wọn lò ó nínú oyún títí wọ́n fi pé ọdún 7 ààbọ̀, wọn ò sì rí jàǹbá tó mọ́ wọn lára. Oorun tó ń kùn yín yẹn, iṣẹ́ oògùn náà ni, ó sì sábà máa ń dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Ó tún lè mú kí òòyì kọ́ yín tí ẹ bá dìde lójijì, nítorí náà ẹ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ kí ẹ tó nàró. 250 mg lẹ́ẹ̀mẹta jẹ́ ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀, dókítà sì lè máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ dé 2 g tàbí 3 g lóòjọ́. Bí oorun náà kò bá jẹ́ kí ẹ rí iṣẹ́ ṣe, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Labetalol wà, 100 tàbí 200 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ní asthma kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Nifedipine náà wà, irú èyí tó ń tú sára díẹ̀díẹ̀, 30 mg lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Odindi ni ẹ ó gbé e mì, ẹ má run ún, ẹ má sì là á sí méjì. Ó lè fa ẹ̀fọ́rí àti ẹsẹ̀ wíwú tirẹ̀, èyí tó máa ń da ọ̀rọ̀ rú fún ẹni tó ń ṣọ́ àmì ewu.

Ohun tí wọ́n ń lé ni kí nọ́ńbà yín dúró sí 135/85 tàbí kó dín díẹ̀ sí i. Bó bá ń wà nísàlẹ̀ 110 lókè tàbí 70 nísàlẹ̀ ṣáá, wọ́n á dín oògùn kù, nítorí ìfúnpá ìyá ló ń ti ẹ̀jẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2022, èyí tí wọ́n pè ní CHAP, tú iyèméjì ọlọ́jọ́ pípẹ́ ká: lára àwọn tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, bíbẹ̀rẹ̀ oògùn láti 140/90 dín ewu kù fún ìyá àti ọmọ, kò sì sọ ọmọ di kékeré. Ṣùgbọ́n oògùn kì í mú preeclampsia kúrò bó bá ti wọlé. Nọ́ńbà tó dára lábẹ́ oògùn kò sọ pé kí ẹ má yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò mọ́.

Àwọn oògùn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu aboyún. Èyíkéyìí tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí “pril”, bíi lisinopril, enalapril àti ramipril, tàbí sí “sartan”, bíi losartan, valsartan àti telmisartan, máa ń ba kíndìnrín ọmọ jẹ́, omi tó yí ọmọ ká á sì gbẹ. Ẹni tó bá ń lò wọ́n kó tó lóyún gbọ́dọ̀ sáré lọ pààrọ̀ wọn ní gbàrà tó bá mọ̀ pé òun ti lóyún. Atenolol máa ń jẹ́ kí ọmọ kéré. Àwọn mìíràn tún ni ibuprofen àti diclofenac, tí àwọn èèyàn ń rà fún ẹ̀yìn ríro láìbi dókítà: láti ọ̀sẹ̀ 20 lọ, ẹ jìnnà sí wọn.

Wàyí o, èwo ni kí ẹ kọbi ara sí nínú ohun tó ń ṣe yín? Àyà títa ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fojú sí, torí abẹ́ rẹ̀ ni ewu ń sá pamọ́ sí jù. Àyà títa gidi máa ń jó bí iná lẹ́yìn eegun àyà, ó máa ń gòkè wá sí ọ̀fun pẹ̀lú omi kíkan, ó máa ń le tí ẹ bá jẹun tán tí ẹ sì dùbúlẹ̀, oògùn tó ń pa omi kíkan inú ikùn sì máa ń pẹ̀rọ̀ rẹ̀. Fún ìyẹn, ẹ máa jẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà dípò ẹ̀ẹ̀mẹta àjẹyó, kí wákàtí 3 wà láàárín oúnjẹ àti oorun, kí ẹ sì gbé orí bẹ́ẹ̀dì ga.

Ìrora ẹ̀dọ̀ yàtọ̀. Abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún tàbí òkè ikùn láàárín ló ń wà, ó máa ń tẹ̀ síbẹ̀ láìgbéra, kò gbọ́ ti oògùn omi kíkan, ibẹ̀ máa ń dunni tí wọ́n bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, èébì sì máa ń bá a rìn. Ẹ̀dọ̀ tó wú nítorí preeclampsia ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní HELLP, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ti ń fọ́, tí platelet, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, sì ń já wálẹ̀ sísàlẹ̀ 100,000. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni wọ́n ti fún ní oògùn ọgbẹ́ inú kí wọ́n tó rí i pé ẹ̀dọ̀ ni. Èébì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 kì í sì í ṣe èébì ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí wọ́n tó kọ oògùn ikùn.

Ẹ̀fọ́rí tó lọ lẹ́yìn paracetamol 1 g, omi mímu àti ìsinmi kò fi bẹ́ẹ̀ bani lẹ́rù, bí ìfúnpá bá dára lásìkò náà. Ẹ má lò ju 4 g lọ ní wákàtí 24. Èyí tó ń lù kìkì tí kò gbọ́ oògùn, tàbí tó wá pẹ̀lú ìràwọ̀ tó ń kọ mànà lójú, ojú tó ń ṣú tàbí ohun kan tó ń di méjì, ilé ìwòsàn lẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ tó wú nírọ̀lẹ́ tó sì fọ̀ láàárọ̀, ti oyún ni. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ga tí ẹ bá jókòó. Ẹ wo ojú yín nínú dígí tí ẹ bá jí, ẹ sì wo òrùka yín: ojú tó wú láàárọ̀, òrùka tí kò ṣeé bọ́ mọ́ tó sì ṣeé bọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tàbí ìwúwo tó fò ju 1 kg lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lọ fi han nọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tó sì ń dunni, ẹ̀jẹ̀ dídì ni kí ẹ fura sí. Àìlèmí dáadáa, ìtọ̀ tó dín kù gan-an, ẹ̀jẹ̀ lójú ara pẹ̀lú ikùn tó le gbagidi, àti ọmọ tí yíyí rẹ̀ dín kù sí bó ṣe máa ń ṣe, gbogbo wọn kò ní ọ̀la.

Kí ará ilé yín mọ èyí pẹ̀lú. Bí gìrì bá mú aboyún, kí wọ́n dà á sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí wọ́n kó ohun líle kúrò nítòsí, kí wọ́n má ki síbí tàbí ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí wọ́n má da omi tàbí oògùn sí i lọ́fun, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù bí gìrì náà tiẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Magnesium sulphate ni wọ́n máa lò níbẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Magpie, tó jáde lọ́dún 2002, fi hàn pé ó ń dín ewu gìrì kù ní nǹkan bí ìdajì fún ẹni tó ní preeclampsia. 4 g ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi sínú iṣan díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà 1 g ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí di wákàtí 24 lẹ́yìn ìbímọ tàbí lẹ́yìn gìrì tó kẹ́yìn. Ara obìnrin máa ń gbóná wìì nígbà tó bá ń wọlé, kò sí ewu níbẹ̀. Ìdí tí nọ́ọ̀sì fi ń kan orúnkún, tó ń ka èémí, tó sì ń wọn ìtọ̀ ni pé bí oògùn náà bá pọ̀ jù lára, orúnkún kì í ta mọ́, lẹ́yìn náà ni èémí á dín kù. Calcium gluconate 1 g ni wọ́n fi ń pa á.

Láti ìsinsìnyí, ẹ retí pé wọ́n á máa rí yín lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí wọ́n máa yẹ ìtọ̀ wò nígbà gbogbo. Bí bébà ìtọ̀ bá fi 1+ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní láàbù, 30 mg/mmol sókè ni wọ́n ń kà sí purotéènì tó pọ̀ jù. Ẹ bèèrè àyẹ̀wò platelet, ẹ̀dọ̀ àti creatinine (èyí tó ń fi iṣẹ́ kíndìnrín hàn), àti skáànì ìdàgbàsókè ọmọ ní bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra wọn.

Àwọn nǹkan mìíràn tó bá oyún rìn kò gbọ́dọ̀ sùn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 ni wọ́n ń wá àtọ̀gbẹ oyún, ẹ sì ti wà níbẹ̀. Ẹ óò mu gúlúkóòsì 75 g lórí òfo ikùn. 5.1 mmol/L kí ẹ tó mu ún, 10.0 lẹ́yìn wákàtí 1, tàbí 8.5 lẹ́yìn wákàtí 2, bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá dé bẹ́ẹ̀, ó ti wà. Ní ti àìtó ẹ̀jẹ̀, kí hemoglobin má dín sí 11 g/dL, tàbí 10.5 ní agbedeméjì oyún. Ẹ máa lo oògùn irin pẹ̀lú omi ọsàn, kí wákàtí 2 wà láàárín òun àti tíì, mílíìkì tàbí calcium, torí wọ́n ń dì í lọ́wọ́. Ìgbẹ́ dúdú tí ẹ óò máa yà, irin ni. Àìlèyàgbẹ́ dáadáa ló ń gbé jẹ̀díjẹ̀dí jáde, nítorí náà ẹ mu omi, ẹ jẹ ewébẹ̀ àti èso. Bí ìtọ̀ bá ń ta yín, tàbí tí ẹ ń tọ̀ díẹ̀díẹ̀ ṣáá pẹ̀lú ibà, kí wọ́n gbin ìtọ̀ náà ní láàbù, nítorí àkóràn ìtọ̀ aboyún tètè máa ń gòkè lọ bá kíndìnrín. Bí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ bá ń yún yín lóru láìsí èélá, ẹ má fi ìpara bò ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ wò.

Bí nǹkan bá dúró bó ṣe wà, ọ̀sẹ̀ 37 sí 38 ni wọ́n sábà máa ń fi oògùn fa ìrọbí. Preeclampsia tí kò le, ọ̀sẹ̀ 37. Bó bá le, wọ́n lè má kọjá ọ̀sẹ̀ 34, wọ́n á sì fún yín ní abẹ́rẹ́ dexamethasone 6 mg lẹ́ẹ̀mẹrin, wákàtí 12 síra wọn, kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè gbó. Iṣẹ́ abẹ kì í ṣe dandan torí ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan. Ẹ rán wọn létí pé kí wọ́n má lo ergometrine láti fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ, torí ó máa ń ti ìfúnpá lọ sókè. Oxytocin kò ní wàhálà yẹn.

Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí bí ọmọ bá ti ké. Rárá. Láàárín ọjọ́ 3 sí 6 lẹ́yìn ìbímọ ni ìfúnpá máa ń ga jù, ìgbà tí wọ́n ti dá ìyá sílẹ̀ kúrò lọ́sibítù nìyẹn, gìrì sì lè mú un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí lẹ́yìn náà pàápàá. Ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ padà lọ láàárín ọjọ́ 3, àti láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Láàárín ọjọ́ 2 lẹ́yìn ìbímọ, kí wọ́n bọ́ methyldopa kúrò, torí ó lè dá kún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń bá ìyálọ́mọ jà. Nifedipine, labetalol tàbí enalapril (ìgbà oyún ni èèwọ̀ rẹ̀) ló yẹ kó rọ́pò rẹ̀, kò sì sí èyí tó ní kí ẹ má fọ́mọ lọ́mú. Bí ẹ bá fẹ́ fètò sọ́mọ bíbí, ẹ sọ pé ẹ̀jẹ̀ yín ru, torí oògùn oníhóró tó ní estrogen kò dára fún yín nígbà tí nọ́ńbà bá ṣì ga.

Ní ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn ìbímọ, ẹ tún un yẹ̀ wò. Bó bá ṣì ju 140/90 lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru àtẹ̀yìnwá ni, yóò sì gba ìtọ́jú tirẹ̀. Bó bá ti wálẹ̀, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, torí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru nínú oyún ní ewu àrùn ọkàn ju ẹlòmíì lọ nígbẹ̀yìn. Nínú oyún tó bá tún dé, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 12, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú èyí, kí dókítà lè gbé aspirin kékeré, 75 sí 150 mg lálaalẹ́, yẹ̀ wò fún yín kó tó pé ọ̀sẹ̀ 16. Ẹni tí kì í jẹ oúnjẹ tó ní calcium tó, wọ́n á fi calcium 1.5 sí 2 g kún un lóòjọ́, tí ẹ óò pín sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Aspirin náà kì í ṣe ohun tí ẹ óò dá rà fúnra yín nísinsìnyí ní ọ̀sẹ̀ 27. Ẹ bi wọ́n léèrè lọ́la, ẹ mú àkọsílẹ̀ nọ́ńbà yín, ẹ̀rọ yín àti àpò oògùn náà dání.